Ẹ̀rọ Tí Ayọ̀túndé Dán Wò

Nígbà tí Monínúọlá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú Ayọ̀túndé ọkọ rẹ̀, ìdí tábìlì ọkọ náà ni wọ́n ní kó jókòó sí. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti Ayọ̀túndé ti jọ ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìjan, ní Adó-Èkìtì. Òun ló máa ń tún ẹ̀rọ rédíò ṣe, Ayọ̀túndé a sì dán an wò kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní báyìí, iṣẹ́ méjèèjì ti di tirẹ̀.

Kò sunkún níbi ìsìnkú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló lágbára, kò sì já wọn nírọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé inú òun kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn fi ìdí jókòó lé pẹ́.

Ọ̀gá Ajíbádé, baba àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù, wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò jókòó.

“Ìyá Dùnmínínú, kú ìrọ́jú. Àwọn kan lára wọkí-tọkí ilé ìwòsàn Ìgbẹmọ tún ti padà dé. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀, bí a bá gbé wọn sórí tábìlì níbí, wọ́n á máa gbọ́ ketekete.”

“Àbí ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò ni kò dáa, sà?”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. “Ohun tí mo fẹ́ kó o yẹ̀ wò nìyẹn. Bàbá Dùnmínínú ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ó ní ó péye.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan egbò.

Ìgbì rédíò ni ẹ̀rọ náà ń tú jáde. Bí wọ́n bá ní kó tú bíńtín jáde, bíńtín náà ló gbọ́dọ̀ tú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọkí-tọkí lè gbọ́ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Monínúọlá tàn án, ó fi í sílẹ̀ kó gbóná dáadáa. Ó nu ẹnu wáyà, ó so ó mọ́ mítà, ó sì dá mítà padà sí òdo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára ti pọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ sọ àti ohun tí mítà kà bára mu. Ó dín in kù, ó ṣì bára mu. Mítà yẹn kò lè ka ohun tó bá lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà ó gbé mítà mìíràn wá, èyí tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, ó sì ń dín in kù lọ.

Nígbà tó dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán wọkí-tọkí wò, ohun tó ń jáde fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ohun tí ẹ̀rọ ní òun ń tú lọ. Ó pààrọ̀ wáyà. Bákan náà ni. Ó pa á, ó tún un tàn, kò yí padà. Adití ni àwọn wọkí-tọkí yẹn. Ariwo ni ẹ̀rọ ń pa sí wọn létí, ó wá ń sọ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni òun ń sọ̀rọ̀.

Ó yé e. Ibi tí agbára ti pọ̀ nìkan ni Ayọ̀túndé yẹ̀ wò. Lásìkò yẹn kò lè jókòó pẹ́ mọ́, òógùn a máa bò ó nídìí tábìlì. Monínúọlá dúró kí ìbínú tàbí ẹkún dé. Kò sí èyí tó dé.

“A lè ní lẹ́yìn tí ọkọ rẹ lọ ni ẹ̀rọ bàjẹ́,” ni Ọ̀gá wí nígbà tó gbọ́. “Òkú kì í sọ tẹnu rẹ̀. Jẹ́ ká bo àṣírí rẹ̀.”

“Ọ̀gá, àwọn wọkí-tọkí míì tí a ní ó dáa ṣì wà lọ́wọ́ wọn ní Ìgbẹmọ. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún wọn.”

Monínúọlá gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹmọ. Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, kí i pé, “Ẹ kú uṣẹ́ o,” ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ láìdá sí i.

“Ta ló dán an wò?”

“Ọkọ mi ni. Ó ti kú. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ nígbà yẹn, kò yẹ̀ ẹ́ wò débi tó yẹ.”

Nọ́ọ̀sì náà ní, “Obìnrin kan rọbí ní oko. Agbẹ̀bí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fi wọkí-tọkí pè wá pé ká gbé ọkọ̀ wá, a ò gbọ́. Ìyá yè, ọmọ kò yè. Ta ni yóò sọ fún un?”

“Èmi ni.”

Wọ́n bá obìnrin náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń fẹ́ ìrẹsì. Monínúọlá kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà gbé atẹ sílẹ̀.

“Kí lorúkọ ọkọ yín?”

“Ayọ̀túndé.”

Ó mi orí díẹ̀, ó ń wo ìrẹsì tó wà nílẹ̀. “Ẹ̀yin náà, ẹ kú àdánù,” ló sọ níkẹyìn. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì ṣépè. Ó gbé atẹ rẹ̀.

Monínúọlá kó gbogbo wọkí-tọkí ilé ìwòsàn náà sínú àpò, ó padà sí Adó. Ọ̀gá Ajíbádé bá a wá ẹ̀yà tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò, Monínúọlá pààrọ̀ rẹ̀, ó sì dán an wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó wá tún àwọn wọkí-tọkí ṣe níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kó wọn padà, Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé pè pé àwọn ń gbọ́ àwọn tó wà lóko báyìí. Monínúọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilé, Dùnmínínú ọmọ rẹ̀ bi í pé báwo ni iṣẹ́.

“Iṣẹ́ ń lọ,” ló wí, ó sì gbé omi ọbẹ̀ kaná.