Àkurákudà Alhaji Habeeb

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Habeeb nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà, níbi tó ti ń ta símẹ́ǹtì, fọ́tò ńlá kan lẹ máa kọ́kọ́ rí lára ògiri. Alhaji ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹja àkurákudà tó gùn ju ènìyàn lọ sì wà lẹ́bàá ọkọ̀. Ní etí fọ́tò náà, ọwọ́ kan di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Wọ́n ti gé ẹni tó ni ọwọ́ náà kúrò. Bàbá mi ni.

Ogún ọdún ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí àwọn olówó máa ń háyà l'Ékòó láti lọ fi ìwọ̀ pẹja lójú òkun. Lọ́jọ́ tí Alhaji háyà ọkọ̀ wọn, òkun dà á nínú rú, ó dùbúlẹ̀, ó ń bì. Bàbá mi ló bá ẹja jà fún wákàtí méjì. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tú ẹja sílẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìntì wálé, tó ní òun lòun mú ẹja yẹn, Alhaji sọ ọ́ di ẹlẹ́yà: "Ẹ bá mi kí Bàbá Màrdíyyàh o, ó ti ń lálàá lọ́sàn-án gangan." Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò lọ kírun Jímọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí ji ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo dúró kí ṣọ́ọ̀bù kún kí n tó wọlé.

"Alhaji, ọ̀gá bàbá mi nínú ọkọ̀ l'Ékòó, Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí, ní kí ẹ wá mú àkurákudà mìíràn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àbí ẹ̀ ń sá fún ẹja ni?"

Àwọn oníbàárà hó yèè. Ojú ò jẹ́ kó kọ̀.

"Èmi? Sá? Màrdíyyàh, lọ múra."

Lójú òkun, Olúyẹmí ń tukọ̀. Mo fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo so ọ̀bẹ bàbá mi mọ́dìí. Ẹja gbé ìwọ̀, Alhaji fà á títí òógùn fi bò ó, ẹja sì sún mọ́ ọkọ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kan okùn o!" Olúyẹmí kígbe. "Ó dọwọ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́!"

Kí ni Alhaji ṣe? Ó gbá okùn mú, ó wé e mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí a ti ń ṣe lódò Ọ̀yun tí àrọ̀ bá gbé ìwọ̀. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lójú òkun, àpá rẹ̀ ló bá a wọ sàréè. Ẹni tó ti mú àkurákudà rí kì í dán an wò. Mo rí Alhaji tó ń wé e. Mo panu mọ́.

Ẹja rì. Okùn wọ ẹran ara, ó wọ́ Alhaji dé etí ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

"Gé e, Màrdíyyàh!" Olúyẹmí pariwo.

Mo gbé ọ̀bẹ lé okùn. Mi ò gé e.

"Alhaji, ta ló mú ẹja inú fọ́tò yín?"

"Nítorí Ọlọ́run!"

"Ta ni?"

"Bàbá ẹ ni! Bàbá ẹ! Mo ń bì nígbà yẹn!"

Mo gé e.

Kí a tó padà dé Ọ̀fà, fídíò náà ti dé orí wáṣáàpù gbogbo agboolé. Alhaji fúnra rẹ̀ ló yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ká mọ́, kò lè bọ ènìyàn lọ́wọ́ dáadáa. Inú mi dùn. N ò ní purọ́, inú mi dùn gan-an.

Oṣù tó kọjá ni Olúyẹmí wá bá wa ṣe àdúrà ọdún bàbá mi. Ó rí ọ̀bẹ náà níbi tí mo gbé e kọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ẹ fi ọ̀bẹ yẹn gé okùn lọ́wọ́ oníbàárà níṣojú mi," ó ní. "Oníbàárà kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u tìyá-tìyá tán ni. Bàbá ẹ ò bi í ní nǹkan kan kó tó gé e."

Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.