Tíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta Sí Erékùṣù

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, aránṣọ náà lè rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún igba ọmọ tí kò fojú kàn rí. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á kó aṣọ gígé wá síwájú ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìdì-ìdì, wọ́n á so bébà kékeré mọ́ ọn: ọmọ ọdún mẹ́ta nìyí, ọmọ ọdún mẹ́fà nìyí. Ó mọ ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́fà lórí. Ó mọ bí rọ́bà ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ẹ jí i lójú oorun kí ẹ bi í, á ti dá yín lóhùn kó tó lajú. Àmọ́ bí ẹ bá bi í léèrè ìbàdí àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì, ojú egbò lẹ tẹ̀ ẹ́ yẹn.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti fi wọ́n sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó sọdá òkun wá síbi iṣẹ́ yìí. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀, títí kan iye ìgbà tí ìyá-ìyá rẹ̀ sín lójúmọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, òun ni Ọ̀gá Kékeré. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbéra. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń pè ní Màmá. Ẹni tó bí i lọ́mọ, Mọ́mì Fóònù ló ń pè é.

Kò sí ìkà nínú ẹ̀ o. Inú fóònù ló ti mọ̀ ọ́n, orúkọ tó sì bá a mu ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló bú sẹ́rìn-ín, aránṣọ náà sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lè dìde. Àárò àwọn ọmọ yìí máa ń sọ ọ́ gan-an. Nígbà mìíràn níbi iṣẹ́, á ki ọwọ́ bọ inú ṣòkòtò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, á la ìka sínú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ wà níbẹ̀, á tún yára yọ ọ́ kí ọ̀gá má baà rí i.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí kò lọ sílé lọ wò wọ́n? Ó lọ. Ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn ló lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n dé, àbúrò dé, aládùúgbò dé, ẹni tó bá bàbá rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ pàápàá dé. Bí wọ́n ṣe ń kí i káàbọ̀ ni wọ́n ń wo àpótí rẹ̀. Ilé kún dẹ́nu, kò rójú, kò ráyè. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá Kékeré ń fi ife rọ́bà gbé omi fún àwọn àlejò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, bí Màmá ṣe kọ́ ọ. "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i, ó gbé omi fún òun náà. "Ẹ káàbọ̀, mà." Aránṣọ náà gba omi, ó mu ún. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó bímọ má sí lára igba náà.

Níbi tí wọ́n ti ń jẹun níbi iṣẹ́, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri. Erékùṣù kan ni: iyanrìn funfun, igi àgbọn tó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ bomi mu, ilé pẹlẹbẹ kan, òkun sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń jẹun níwájú rẹ̀ láìwò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Ibi tí omi bá yí ká báyìí," ó sọ fún Ìyá Bọ́tìnnì, "ta ló fẹ́ wá kí mi káàbọ̀ níbẹ̀?"

Àgbà obìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ kejì ni Ìyá Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ló ń rán láti ọdún mẹ́tàlá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Àwọn ẹbí ẹ, wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

"Kò sí ìkankan nínú wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tètè máa lọ kí wọ́n tó kọ́ ọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méje ni: òun, àwọn ọmọ méjèèjì, àti ìyá rẹ̀ tó máa kó wọn wá, torí ọmọdé kì í dá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ra ìwé kékeré kan, ó fi ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kìíní, òun fúnra rẹ̀ ló máa wẹ̀ fún wọn, ì báà rẹ̀ ẹ́ kó má lè dúró. Lọ́jọ́ kejì, ó máa di irun Akọ̀wé létí omi. Ó máa kọ́ Ọ̀gá Kékeré bí ara ṣe ń léfòó, ọwọ́ rẹ̀ á wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ náà, kò ní yọ ọ́. Ó kọ ìpara tí oòrùn kò fi ní jó wọn, ó kọ fìlà, ó kọ ibi tí wọ́n ti lè sáré ra oògùn bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni. Ojú ewé ọjọ́ karùn-ún, kò kọ nǹkan kan sí i. Wọ́n kàn máa wà pa pọ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọjọ́ méje yẹn, kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ó fẹ́ kí Ọ̀gá Kékeré pe òun ní Mọ́mì, kó sì dúró síbẹ̀, kó má fi fóònù sí i.

Ìyá aránṣọ náà kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. "Èmi àti òkun ò jọ ní nǹkan kan í sọ," ló wí lórí fóònù.

"Màmá, ẹ ò ní wọnú omi. Abẹ́ igi lẹ máa jókòó sí."

"Bí àgbọn bá já lù mí lórí ńkọ́?"

"A máa wá igi tí kò ní èso."

"Ìwọ lo máa gun igi lọ wò ó?" Ṣùgbọ́n ó gbà níkẹyìn, nítorí àwọn ọmọ. Aránṣọ náà sì fi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ránṣẹ́ sílé. Tirẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló máa gbà, ibi tó wà ló ti máa wọkọ̀, nítorí náà ó tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí ó pè wọ́n tí ọ̀rọ̀ erékùṣù kì í jẹ yọ. Ọ̀gá Kékeré á ní, "Màá fi òkun hàn yín." Aránṣọ náà á ní, "O ṣeun, ọkọ mi."

Ó ku oṣù kan kí wọ́n lọ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ gbà kó mú àgékù aṣọ, lákòókò ìjẹun ló sì ń fi í rán tàwọn ọmọ rẹ̀. Ó rán aláwọ̀ òféèfé fún Akọ̀wé, ó rán ṣòkòtò pupa fún Ọ̀gá Kékeré. Ìyá Bọ́tìnnì gbé ṣòkòtò náà sókè, inú rẹ̀ dùn.

"Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Ó fa rọ́bà ìbàdí rẹ̀ wò. "Ta ló bá ẹ wọn ọmọ?"

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo mọ ìwọ̀n ọmọ ọdún márùn-ún."

Ìyá Bọ́tìnnì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ ọdún márùn-ún ta ni? Èyí tó wà lórí bébà àbí tìẹ? Ìwọ aránṣọ, o gé aṣọ láìwọn ara! O ò tiẹ̀ fi àyè ìdàgbà sí i." Ó rí ojú aránṣọ náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú. Jẹ́ kí ìyá ẹ wọn wọ́n."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó gbé fóònù ti ife kan lórí tábìlì, ó gbé ṣòkòtò pupa lé orúnkún. Ní òdìkejì, wọn ò rí téèpù, okùn ni Màmá ń lò. Bó bá fi yí ọmọ nídìí, á ta á ní kókó, Akọ̀wé á sì fi rúlà ilé ẹ̀kọ́ wọn okùn náà, á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ògiri tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga àwọn ọmọ náà sí. Ọ̀gá Kékeré ń yí kiri bí ẹni tó ń jó.

"Dúró jẹ́ẹ́!" Màmá ní. "Ọmọ yìí, ṣé èèrà wọ̀ ẹ́ ni?"

Akọ̀wé ka ohun tó kọ. Ìbàdí Ọ̀gá Kékeré fi ínṣì méjì ju tinú bébà lọ. Aránṣọ náà wo ṣòkòtò orí orúnkún rẹ̀. Kò lè wọlé sí ọmọ náà nídìí. Ínṣì méjì! Níbo ló wà nígbà tí ínṣì méjì yẹn ń wọlé? Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rí i, ló bá ní kí Akọ̀wé ka ẹrù tí wọ́n ti dì fún òun.

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe. "Ẹrù erékùṣù. Ìkíní, ṣájà fóònù. Ìkejì, ṣájà fóònù mìíràn, bí tàkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Ìkẹta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣájà méjì ṣe létí òkun?"

"Èmi ni mo ní kó kọ ọ́," Ọ̀gá Kékeré ní. "Bí fóònù bá kú, ẹ ò ní rí òkun."

"Màá rí i, ọkọ mi. Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ẹ ni màá wà."

"Ẹ̀n, nínú fóònù."

"Rárá o. Lórí iyanrìn."

Àwọn ọmọ méjèèjì wo ara wọn. Akọ̀wé fi ìka ka nǹkan nínú ìwé rẹ̀, ó gbójú sókè. "Mọ́mì, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló dé. Mo kà á dáadáa. Màmá, èmi, òun. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀. Ẹ ní ẹ ti fi ránṣẹ́ sí wa."

Bàtà ilé ẹ̀kọ́, ó fi ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fi ránṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí, ẹ̀bùn ló ń dé, òun kì í dé. Kí ló fẹ́ mú kí àwọn ọmọ rò pé erékùṣù yàtọ̀? Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yọ̀ mọ́ ìrìn àjò tí òun kò sí nínú rẹ̀, ayọ̀ wọn kò sì dín kù. Èyí tó dùn ún jù nìyẹn.

"Yéè!" Màmá ní. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Aránṣọ náà dìde, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ síwájú fóònù. Akọ̀wé ní kó sún un mọ́ fóònù. Ọmọ náà ka orúkọ orí rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Òun ni," ó ní. "Ọjọ́ kan náà ni."

Ọ̀gá Kékeré gbé ojú sún mọ́ fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ẹ ga?"

"Báwo?"

"Ṣé ẹ ga tó Màmá?"

Ọmọ yìí kò rántí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn mọ́, orí àti ọrùn nìkan ló mọ̀ lára rẹ̀. Aránṣọ náà bọ́ sálúbàtà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè orí, ó sì fi téèpù wọn ara rẹ̀ láti ilẹ̀. Ínṣì mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó pè é fún wọn. Lọ́dọ̀ wọn, rúlà Akọ̀wé kò ju ínṣì méjìlá lọ, ló bá ń tò ó sókè lára ògiri, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó gun àga, ó fi mẹ́fà lé e. Ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré gbójú sókè wo ìlà náà. Ó rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó na apá méjèèjì, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, òun tí kì í dúró jẹ́ẹ́. Omi ti ń bọ́ lójú aránṣọ náà, kò nù ún.

"Ó dáa," ọmọ náà ní. "Ẹ má kúrú sí i o." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Pa ṣájà kejì rẹ́."

Akọ̀wé fi gègé fa ìlà lé e. "Ìkíní ńkọ́?"

Ọ̀gá Kékeré wo fóònù, ó tún wo ìlà ṣọ́ọ̀kì.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná," ó ní. "Bóyá wọn ò ní lè wá."