Omi Fèrèsé Ilé Jung-kuei

Nígbà tí Pi-hsia gbọ́ àdírẹ́sì tí obìnrin kan tí ilé rẹ̀ ń jò ń kà fún un lórí fóònù, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ń bọ̀.

Ilé ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni. Yàrá òkè ilé yẹn ni òun àti Jung-kuei, ọkọ náà, ń gbé kí wọ́n tó lé Pi-hsia jáde. Láyé ìgbà náà, bí òjò ìlú Keelung ní Taiwan bá ti dé, tí omi ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń bú pé kì í ti fèrèsé. Jung-kuei tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fèrèsé náà sínú ògiri kọnkéré á kàn máa mu tíì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, ìyá náà ju fóòmù tó ti bu tẹ̀ lé e síta lójú àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Pi-hsia lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí òjò ń gbà wọlé.

Ìyá náà ló ṣílẹ̀kùn.

"Ta ló pe èyí?"

Wan-ling, ìyàwó tuntun tí Jung-kuei fẹ́, sáré jáde láti ilé ìdáná. "Èmi ni, Màmá. Wọ́n ní wọ́n mọṣẹ́ gan-an."

"Iṣẹ́ wo? Ìwọ tí o kì í ti fèrèsé, kí lo tún ń wá?"

Pi-hsia rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbèrò bọ̀ lójú ọ̀nà ni pé òun á ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i láti inú, kí omi há sínú ògiri, kí ilé náà máa jẹrà lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kó wọn gòkè lọ sídìí fèrèsé náà.

"Màmá, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ ti fèrèsé yìí."

Ìyá náà tì í gbàgà.

"Ó tì àbí kò tì?"

"Ó tì! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

"Ó dáa. Ẹ gbọ́wọ́ lé ògiri níbí. Ẹ má gbé e kúrò o."

Pi-hsia gun orí òrùlé pẹlẹbẹ ilé ìdáná tó wà lábẹ́ fèrèsé náà, ó fa rọ́bà omi dání. Ó wọ́n omi sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó dúró, ògiri gbẹ. Ó wọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́, ó tún dúró. Ìyá náà ń ráhùn pé apá ń ro òun. Nígbà tí omi dé igun òkè, ó pẹ́ díẹ̀, ìyá náà figbe ta.

"Yéè! Ó ń tutù!"

"Kí ló ń tutù, Màmá? Mi ò gbọ́."

"Omi ni! Omi ń gba inú ògiri wọlé!"

"Fèrèsé ńkọ́?"

Ìyá náà bojú wo ìta. Àwọn aládùúgbò ti yọjú.

"Ẹ pariwo ẹ̀, kí àwọn ará òdìkejì gbọ́!" ni Pi-hsia wí.

"Mo ní ó wà ní títì!"

Pi-hsia wọlé, ó fi òòlù kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ògiri náà dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. "Ṣé kí n fọ́ ọ?"

"Ẹ fọ́ ọ, Àǹtí," ni Wan-ling wí.

Kò sí kọnkéré lábẹ́ sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ́ sójú ògiri. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni Jung-kuei ká sínú àlàfo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti rin gbindin.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín rè é, Màmá."

Wan-ling wo bébà náà, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé tówẹ́lì lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá wa nulẹ̀, Màmá." Wan-ling fúnra rẹ̀ bá jókòó.

Ohùn ìyá náà rọ̀. "Pi-hsia, ọmọ mi, jọ̀ọ́, dí i kó o tó lọ."

"Wọ́n ní kí n wá ibi tó ń jò ni, mo sì ti rí i. Ẹni tó gbé fèrèsé yẹn síbẹ̀ ni kó wá yọ ọ́, kó tún un gbé."

Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Pi-hsia wà nílé oúnjẹ òdìkejì, ọbẹ̀ ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣù róbótó ń gbóná níwájú rẹ̀. Ó ń wo Jung-kuei lórí òrùlé ilé ìdáná, tó ń gbìyànjú láti kan nálọ́ǹ bo igun òkè fèrèsé náà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ń jágbe mọ́ ọn. Pi-hsia ti rò pé àwọn ọdún tó fi ṣòfò nínú ilé yẹn á pa òun lẹ́kún lónìí. Ebi ló ń pa á. Ó mu ọbẹ̀ náà tán, ó ní kí wọ́n bu abọ́ mìíràn wá.