Òrùka Wíwọ́ Lára Ọ̀pá Baba Ṣánṣán

Kò sí ohun wíwọ́ tí ojú Baba Ṣánṣán kì í rí, àfi èyí tó bá wà lára òun fúnra rẹ̀. Bíríkìlà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ògiri tó bá mọ máa ń dúró ṣánṣán débi pé wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti yan ara rẹ̀ ní alábòójútó gbogbo ohun tó dúró ládùúgbò. Ó ti sọ fún ará ilé kejì pé ọgbà rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ó ti sọ fún dókítà eyín pé pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń wo ọ̀run. A dúpẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó gbá a létí.

Nígbà kan, adágún ló máa ń gba àdúgbò sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, òun àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń de òrùka mọ́ ọ̀pá ìpẹja, tó sì ń tà á nínú yàrá ẹ̀yìn ilé, á wa ọkọ̀ ojú omi lọ sídìí koríko tí ẹja básì, ẹlẹ́nu gbàǹgbà yẹn, máa ń sá sí. Àfi lọ́jọ́ kan tí básì kan gbé ìwọ̀ mì, tó fà á, tí ọ̀pá yí po lọ́wọ́ bàbá, tó sì já sómi. Bàbá ò sọ pé ọrùn ọwọ́ òun ti rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo sìmẹ́ńtì tó ti fi í kó. Rárá o. Ó ní ẹja adágún yẹn ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, òun ò sì ní bá aláìlẹ́kọ̀ọ́ da nǹkan pọ̀ mọ́. Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé nìyẹn.

Ìyá ni ìyà rẹ̀ wá ń jẹ. “Ìwọ ọmọ yìí,” ló sọ fún àkọ́bí rẹ̀, “tí o ò bá dá bàbá ẹ padà sórí omi, èmi ni màá bẹ́ sínú ẹ̀. Lánàá, ó ní búrẹ́dì tí mo gé ò dọ́gba!”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí ju bí ìyá rẹ̀ ṣe rò lọ. Orí omi nìkan ni bàbá rẹ̀ ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ láì tún un ṣe.

Ó sì mọ ohun tó yí ọ̀pá náà. Lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, òkè ni ẹ̀rọ tó ń ká okùn máa ń jókòó sí, òkè náà ni wọ́n máa ń to òrùka tí okùn ń gbà kọjá sí, láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí ẹja bá ti fà á, òrùka tó wà lókè á fẹ́ sáré wá sísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ ẹni ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà. Òrùka àkọ́kọ́ á wà lókè, èkejì á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́, gbogbo àwọn tó kù á wà lábẹ́. Ohun tó ń wá ìsàlẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, ìjà parí. Ó de ọ̀pá méjì tó jọra, ó fi ètò àtijọ́ sára ọ̀kan, ó fi ti wíwọ́ sára èkejì. Ó wá ku ẹni tí yóò sọ fún bíríkìlà pé ohun wíwọ́ ló máa gbà á là.

Ó gbé méjèèjì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. “Bàbá, oníbàárà mi kan ló fẹ́ mọ èyí tó dáa jù. Ẹ bá mi wò ó.”

Bàbá mú ti wíwọ́, ó di ojú kan. “Ta ló de èyí? Ṣé o mu nǹkan ni?”

“Èmi ni mo dè é, Bàbá. Mi ò mu nǹkan kan.”

“Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Odindi èmi rèé nínú ilé, òrùka wá ń rìn yí ọ̀pá ká bí ẹni tó ń wá ilé ìyàgbẹ́!”

“Ẹ jẹ́ ká ṣáà dán wọn wò.”

“Kí la fẹ́ dán wò? Ṣé ojú ẹ ò ríran ni?” Ṣùgbọ́n ó ti ń wá bíríkì kiri. Ìdajì ló mú, torí odindi á ṣẹ́ ọ̀pá. Ó so ó mọ́ okùn ọ̀pá àkọ́kọ́, èyí tí òrùka rẹ̀ tò bí ọmọ ilé ìwé, ó sì gbé e sókè.

Bíríkì ò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tí ọ̀pá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bàbá fi eyín di ètè. Ọ̀pá yí po, bíríkì balẹ̀ gbì.

“Bíríkì yìí ò dáa,” ni bàbá wí. “Wọn ò mọ bíríkì í sun mọ́.”

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

Ó so bíríkì aláìdáa náà mọ́ ọ̀pá kejì, ó gbé e. Ó ń retí kó yí, kò yí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e, ó tún un gbé, ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó kàn ń bá oníbàárà wo nǹkan. Okùn tó ti ṣóńṣó ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó wò ó pẹ́.

“Oníbàárà ẹ yìí,” ló wá sọ, kò wo ojú ọmọ rẹ̀, “ọwọ́ wo ló ń dùn ún?”

“Ọ̀tún ni, Bàbá.”

“Àgbàlagbà ni?”

“Wọn ò kéré. Wọ́n tún lágídí díẹ̀.”

“Díẹ̀?”

“Ibi tí ẹnu mi gbé e dé nìyẹn.”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. “Ó lè má jẹ́ agídí. Ojú ló ń tì í. Kí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lójú ọmọ tó kọ́ lẹ́ja pípa, kì í ṣe nǹkan kékeré.”

“Ọmọ ẹ̀ ò rí i,” ni ọmọ dáhùn. “Ibòmíràn ló kọjú sí.”

Irọ́ gbuu ni. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀, láti ìgbà tí ọ̀pá ti yí títí tó fi já sómi. Bàbá mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó ń tún ọgbà àti búrẹ́dì ṣe, kò tún eléyìí ṣe.

“Sọ fún un pé ọ̀pá ẹ̀ burẹ́wà,” ló wí, ó sì fi ọ̀pá wíwọ́ náà há abíyá.

“Màá sọ fún un.”

“Sọ fún un kó tètè sùn. Ìdájí ọ̀la la máa lọ.”

Ìyá yọ orí láti ojú fèrèsé yàrá ìdáná. “Ẹ sọ fún oníbàárà yẹn pé bàtà òjò ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń nù ún dè é!”