Lẹ́ẹ̀kan Sí I, Màmá

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, páálí ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ìdí ẹ̀rọ tó ń ká páálí ló ń dúró sí láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, gọ́ọ̀mù á sì ti gan mọ́ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló jẹ́ tirẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ló sì fi ń ya fíìmù. Kì í ṣe fíìmù gígùn o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjìlá, ó parí. Ara àjákù páálí ló ń kọ ìtàn rẹ̀ sí lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀gá Fíìmù, ṣé o ti fi àwa náà sí i?" Inú rẹ̀ á dùn, á sì ṣe bí ẹni tí inú ń bí.

Wọ́n máa ń sọ fún un pé ẹni tó bá lé ehoro méjì á pòfo. Kò pòfo. Ohun tó ṣe burú ju kéèyàn pòfo lọ, ibẹ̀ ni mò ń bọ̀.

Ìtàn fíìmù rẹ̀ ọdún náà kò le rárá. Ìyá kan jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ẹnì kan kanlẹ̀kùn wọlé, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ mú ọmọ yín níbi iṣẹ́. Kò là á já." Kámẹ́rà á wá máa wo ojú ìyá náà. Ẹni tó fẹ́ kó jíṣẹ́ yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó páálí nínú ilé iṣẹ́ wọn. Ẹnu-Ò-Sinmi ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í sọ̀rọ̀ sí. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ gbólóhùn kéékèèké wọ̀nyí sórí.

Olùkọ́ kan tó fẹ́ràn eré ṣíṣe ló yẹ kó ṣe ìyá. Pálọ̀ màmá ọkùnrin yìí ni wọ́n ti fẹ́ yà á, nítorí wíńdò ibẹ̀ tóbi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ló ń gbé pẹ̀lú màmá. Kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá ti ń gbàgbé nǹkan o," ni ó wí. "Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Má jẹ́ kí ariwo yín pọ̀ jù fún wọn."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi. Ọjọ́ orí ni."

Kò pẹ́ tí ó jáde ni olùkọ́ ránṣẹ́ pé ibà ti dá òun dùbúlẹ̀. Ọkùnrin wa káwọ́ lérí. Ẹnu-Ò-Sinmi wo màmá tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga wọn lẹ́bàá wíńdò, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣé o ò rí màmá ni?"

Bí wọ́n ṣe fi màmá sí fíìmù nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, wọ́n kígbe "Yé!" wọ́n sì ń wojú kámẹ́rà bóyá àwọn ṣe é dáadáa. Nígbà kẹta, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n wo Ẹnu-Ò-Sinmi títí.

"Èwo nínú àwọn ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ẹnu-Ò-Sinmi dáhùn pé, "Ọkùnrin, Màmá."

"Àbíkẹ́yìn mi? Èyí tó ń ṣe páálí?"

Wọ́n dìde, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbé e, pé kì í fẹ́ kí òtútù mú òun láti kékeré. Ọmọ náà rèé lẹ́yìn kámẹ́rà. Iná ńlá tó gbé kalẹ̀ ló ń ràn sí wọn lójú tí wọn ò fi rí i. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀.

Ó mọ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé kò sí òṣèré tó lè ṣe irú ojú yẹn, ọwọ́ màmá sì ti bo ìdajì ojú náà. Aago mẹ́rin ti lù, oòrùn ti ń kúrò lójú wíńdò. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, páálí ni. Ó ní kí Ẹnu-Ò-Sinmi fún Màmá lómi mu, kí wọ́n jókòó díẹ̀. Nígbà tí ojú wọn walẹ̀ tí wọ́n sì ti gbàgbé, ó sọ láti ẹ̀yìn iná pé, "Lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn. Lẹ́yìn ìgbà keje, Ẹnu-Ò-Sinmi ní, "Mi ò sọ ọ́ mọ́," ó sì bọ́ síta. Ìgbà yẹn ni ọmọ tó kú jáde sí ìyá rẹ̀. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó le fún gọ́ọ̀mù mú. "O ti dé? Wọ́n ní…" Wọn ò rántí ohun tí wọ́n ní mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é níbi iṣẹ́. "Kí lẹ ṣe fún Màmá? Bí aago mẹ́rin bá ti lù báyìí, wọ́n á mú bàtà lọ́wọ́, wọ́n á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ìwọ làwọn ń dúró dè. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀."

"Ọjọ́ orí ni, Àǹtí mi."

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tiwọn yí padà: ẹni tó kó o ti gbàgbé, ẹni tó ṣu ni kò rí oorun sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé màmá lójoojúmọ́ bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Màmá, mo ti dé." Wọ́n á fọwọ́ pa á lójú, wọ́n á sì wọlé lọ jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń yìn ín pé ọmọ gidi ni. Ìyìn yẹn ń ta á lára ju èébú lọ.

Ó fi ìgbà kẹta sínú fíìmù náà. Ó fi ránṣẹ́ sí ìdíje fíìmù kan, wọ́n sì mú un. Wọ́n kọ̀wé pé ojú ìyá yẹn pa àwọn lẹ́kún, kí ó fi orúkọ òṣèré náà ránṣẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un lásìkò oúnjẹ. Ẹnu-Ò-Sinmi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ṣé o ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?" Ó bi í bẹ́ẹ̀, ó sì padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí pálọ̀ náà, ó fi gbogbo rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti ìgbà kìíní dé ìgbà keje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó dópin.

"Ẹ̀ẹ̀márùn-ún," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lo pa ara rẹ lójú Màmá, o wá sọ fún mi pé ọjọ́ orí ni." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé màmá ti jáde láti yàrá, tí wọ́n ti dúró sẹ́yìn àga tí wọ́n ń wo ohun tí àwọn náà ń wò. Màmá ò dá ara wọn mọ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni màmá wí, "ọmọ tí obìnrin yìí bí kò mà kú. Òun ló ń pè é ní Màmá yẹn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni? Kí ló dé tí kò jáde kí ìyá rẹ̀ rí i?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí wíńdò.

"Fíìmù ló ń yà, Màmá," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn.

"Ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń sunkún yẹn?"

"Ní gbogbo ìgbà yẹn, Màmá."

Màmá mi orí wọn. Ọkùnrin wa pa fíìmù náà dé. Níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ̀wé sí àwọn onídìíje pé òun ti yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n má fi han ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí aago lù mẹ́rin. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú bàtà wọn lábẹ́ àga, wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo òpópónà.

"Màmá, èmi rèé," ni ó wí láti ẹ̀yìn wọn.

Wọ́n ní kó má pariwo, pé ọmọ àwọn ò ní pẹ́ dé.

Ó gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná jáde, ó yí ilé po, ó sì gba ojú òpópónà wọlé.