Fèrè Tí Kò Padà Lófo

Ẹni tí kò lè yá ìyàwó rẹ̀ ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, òun náà ló máa ń wá bá mi lóde eré pé, "Ojúọlápé, yá mi ní sasofóònù rẹ, orin kan péré ni." Orin kan péré. Ẹ ò rí i bí ẹni pé omi ló ní kí n bù fún òun mu. Fèrè tí wọ́n ń ki bọ ẹnu, tí itọ́ ń gba inú rẹ̀ ṣàn, ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kókóró àti ẹ̀pà tán ló fẹ́ fi gbà á. Bí mo bá sì kọ̀, èmi ni mo láhun, èmi ni mo gbéra ga, èmi ni mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run fún lẹ́bùn.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀gbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tó ń lẹ páálí ni mo máa ń dúró sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ṣíìfù alẹ́ kí n tó ra fèrè náà. Mo rà á tán, mo ṣì ń ṣe ṣíìfù alẹ́ ọ̀hún. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù-sí, láàárín páálí àti pákó, ni mo ti ń kọ́ orin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn tá a jọ ń gbé ilé sọ pé wọ́n á gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Fèrè tí mo bá wí pé kí ẹnì kan má fọwọ́ kàn, mo mọ ohun tí mo rí kí ó tó dé ọwọ́ mi.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ òfin, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí fèrè. Òfin àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ ẹni tó ni fèrè ni kí o ti tọrọ rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ màmá rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí kálukú mú ẹnu fèrè tirẹ̀ wá, ìyẹn ibi tí à ń fi sẹ́nu tó ṣeé yọ, torí tèmi kì í bá fèrè lọ síbì kankan. Inú báàgì mi ló ń gbé. Mo kọ ọ́ pé kí o má tú ohunkóhun lára rẹ̀, kí o má dè é, kí o má sọ pé o kàn fẹ́ wò ó ni. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi bírò pupa fàlà sí nídìí: bí o ṣe bá a ni kí o ṣe dá a padà. Mo rò pé kò sẹ́ni tí ìyẹn ò ní yé.

Bọ̀ọ̀dá Moses ni olórí àwọn onílù àti onífèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Agége. Ọkùnrin dáadáa ni. Fèrè tirẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ láti ọdún 2019. A ti gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ fèrè náà, oníṣẹ́ ọ̀hún sì ti kó lọ sí Ọ̀tà láàárín kan, síbẹ̀ kò tíì ṣe tán. Nígbà tí ìkórè wa ku ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀ọ̀dá Moses nílò fèrè. Kò wá bá mi. Ó sì mọ òfin àkọ́kọ́ dáadáa, torí òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ́, nítorí náà kò lọ bá màmá mi. Màmá Ìjọ ló lọ bá.

Màmá Ìjọ pè mí lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá béèrè bóyá ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún mi ni mo fẹ́ máa fi pamọ́ fún Ọlọ́run. Ta ló fẹ́ dáhùn ìyẹn?

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Moses pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́ fèrè mi ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA Ìkẹjà. Wọ́n ń wá ẹnì kan tí yóò máa fọn fèrè fún àwọn tó bá wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá gbà mí, màá kúrò nínú ṣíìfù alẹ́. Ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ máa sùn nígbà tí àwọn èèyàn ń sùn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Bọ̀ọ̀dá Moses bó ti ń gbọ́ ọ. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ìkórè, pé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, fèrè á ti dé ilé mi. Mo yọ ẹnu fèrè mi, mo jù ú sínú báàgì, mo gbé ìyókù lé e lọ́wọ́.

Ó sì mú àdéhùn ṣẹ. Oòrùn ọjọ́ Ẹtì ò tíì wọ̀ tó fi kan ilẹ̀kùn mi, ojú tì mí nítorí gbogbo ohun tí mo ti rò sí i. Ó fi aṣọ funfun di àpótí fèrè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mú ìyàwó tuntun wálé.

"Sístà Ojúọlápé," ó ní, "a kì í dá àwo ẹni tó fún wa lóúnjẹ padà lófo. Mi ò dá tìrẹ padà lófo."

Òótọ́ kúkú ni. Bí aládùúgbò bá bu móínmóín fún ọ, o ò ní fi abọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lásán. Bó kéré tán, wàá fi ọsàn méjì sínú rẹ̀. Mo rò pé èso ìkórè ni. Ọ̀pẹ̀òyìnbó tiẹ̀ ni mo fọkàn sí. Mo tú aṣọ, mo ṣí àpótí, òórùn òróró ólífì sì kọ lù mí.

Bọ̀ọ̀dá Moses wá ń ròyìn. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ nítorí mi, òun sì ti sọ fún Wòlíì pé mo ní ìdíje lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wòlíì ní kí wọ́n gbé fèrè náà wá síwájú pẹpẹ, wọ́n sì da òróró sí i. Kì í ṣe ẹ̀kán kan sí méjì o. Odidi ìgò, láti ọrùn dé ìdí, ihò kan ò gbẹ́yìn. Gbogbo ìjọ nawọ́ sí i, wọ́n ní kò sí ilẹ̀kùn tí yóò tì mọ́ mi.

Kí ẹni tí kò mọ fèrè mọ èyí: awọ kékeré rìbìtì kan wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan, pádì là ń pè é. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á dé ihò; bí o bá ṣíwọ́, á ṣí, bí ilẹ̀kùn kékeré. Awọ yìí kórìíra omi, ó wá kórìíra òróró ju omi lọ. Mo tẹ ọ̀kan, ó dé. Mo ṣíwọ́, kò ṣí. Mo tẹ òmíràn, òun náà dé, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn tí ìjọ ní kò ní tì, ara fèrè mi ni wọ́n ti tì. Bọ̀ọ̀dá Moses wò ó, ó ní àmì òróró ló ń wọlé yẹn.

Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìfẹ́ ba nǹkan rẹ jẹ́, ibo lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀? Ọkùnrin náà gbààwẹ̀ nítorí mi. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo tiẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sáré gbé fèrè lọ sọ́dọ̀ Bàbá Job tó ń tún fèrè ṣe lẹ́bàá ojú irin. Bàbá Job ò tiẹ̀ tẹ ohunkóhun. Wọ́n kàn gbọ́ òórùn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Òróró ṣọ́ọ̀ṣì nìyí."

Wọ́n ní ìkẹta irú rẹ̀ lọ́dún yìí nìyẹn. Wọ́n ní àwọn máa tú gbogbo pádì, àwọn á pààrọ̀ èyí tó bá ti bàjẹ́, pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Mo ní ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ gbọ́ mi. Bàbá Job wo fèrè, wọ́n wo èmi, wọ́n sì ń bá búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ lọ.

Báyìí ni mo ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì GRA, tí ẹnu fèrè nìkan wà nínú báàgì mi, bí ẹni tó mú ṣíbí dání lọ síbi tí kò sí oúnjẹ. Àwa mẹ́ta ni wọ́n pè. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Divine, tó lo awò dúdú nínú ilé. Mo gbé ìtìjú tà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní fèrè rẹ̀ tó bá ti fọn tirẹ̀ tán. Ó ní òun kì í yá èèyàn ní fèrè. Ó ní òun ní òfin tóun kọ sórí fóònù òun nípa ìyẹn, ó sì fi hàn mí. Mo kà á. Òfin tó mọ́gbọ́n wá ni, ó tiẹ̀ jọ tèmi gan-an. Mo kórìíra rẹ̀ dé ìdí.

Ẹni kẹta jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó dé fìlà, àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tàófíìkì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní Agége. Mi ò tíì rojọ́ mi dé ìdajì tó fi ṣí àpótí fèrè tirẹ̀.

"Ṣé o ní ẹnu tìrẹ?"

"Mo ní in, sà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kàn lẹ́yìn mi o."

"Mo mọ̀. Gbà."

Ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so fèrè náà níbi mẹ́ta. Ó ní kí n tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dáadáa, torí ó máa ń ṣagídí. Kò sọ ohun mìíràn. Kò sọ pé kí n rọra. Kò sì lẹ òfin kankan mọ́ ìdérí àpótí rẹ̀, mo wò ó.

Mádáàmù Peace, tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì náà, ò gbójú kúrò lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tí Divine ń fọn. Nígbà tó kàn mí, mo fi orin ìsìn bẹ̀rẹ̀, mo wá rọra yí i sí háíláìfù. Wọ́n gbórí sókè. Bí mo ti parí, wọ́n dìde.

"Ó tó. Ìwọ ni. Next Sunday, two o'clock. Kí àwọn tó kù máa lọ, mo ní mítìn."

Ó yẹ kí n purọ́ fún yín pé ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀. Rárá. Mo kọ́kọ́ sùn ná. Ní ìdúró níbẹ̀, mo sun gbogbo oorun ọdún mẹ́ta lọ́kàn mi. Nígbà tí mo máa yíjú, Tàófíìkì ti dìde, ó gba fèrè rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún, ó sì kí mi kú oríire. Ó ní ó ti pẹ́ tí fèrè náà ti dún báyẹn. Ọkàn rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó tiẹ̀ wò mí níwòkuwò, màá ti gbé iṣẹ́ náà lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Mo ní, "Mádáàmù, fèrè tí ẹ gbọ́ yẹn, ẹni tí ẹ ní kó máa lọ yìí ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fọn ún kó tó lọ."

Wọ́n wo aago. Wọ́n ní orin kan péré.

Mi ò ní ròyìn orin náà púpọ̀, torí ó ṣì ń dùn mí. Rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, èyí tó ń ṣagídí wà níbẹ̀; ohun tí èmi fi tipátipá fà jáde lára fèrè yẹn, òun kàn ní kó máa bọ̀ ni. Kúùkù jáde wá láti ilé ìdáná pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́. Divine bọ́ awò dúdú. Mádáàmù dojú fóònù dé orí tábìlì, wọ́n sì gbàgbé mítìn. Nígbà tó parí, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà rò. Wọ́n rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá ní kí Tàófíìkì máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí èmi fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ ohun tí wọ́n wí.

Ó dùn mí dé eegun. Àwọn tó ń sọ pé oore máa ń mú ọkàn fúyẹ́, mi ò mọ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe tiwọn.

Lẹ́nu géètì, Tàófíìkì béèrè ohun tó ṣe fèrè mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin géètì mú. Ó wá nujú, ó ní, "Lọ́jọ́ Sunday, tí mo bá lọ kírun alásárì, ta ni yóò máa bá mi fọn ún? Máa mú ẹnu tìrẹ bọ̀." Báyìí ni mo ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní GRA Ìkẹjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí fèrè ẹlòmíràn. Mo ṣì wà nínú ṣíìfù alẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Bọ̀ọ̀dá Moses pè mí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òróró náà ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́, sà. Ó ti bá mùsùlùmí kan ní Agége ríṣẹ́."

Kò gbọ́ parí tó fi pariwo Halelúyà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àjọ̀dún àwọn ọkùnrin ìjọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé fèrè tòun ṣì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ó ní òun ti fẹ́ lọ bá Màmá Ìjọ, ṣùgbọ́n òun rántí ohun tí mo kọ, òun ní kóun fúnra òun bi mí.

Mo wo àpótí mi tó ṣófo lórí àga, tí ìwé òfin wà nínú ìdérí rẹ̀. Mo rántí ọkùnrin tó ti ṣí tirẹ̀ kí n tó rojọ́ dé ìdajì. Mo ní bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Job, kó wá mú un. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.

"Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Moses," mo ní, "ẹ fi Ọlọ́run ṣàánú mi. Tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ dá a padà lófo."