Ẹ Má Ṣí Ọ̀rá Náà

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó wá fata sẹ́nu, bí ẹ bá ń wá irú ẹ̀, ẹ wá wo àbúrò bàbá mi. Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí wa, níbi tí a ti ń yẹ irin, amọ̀ àti ike wò, ká lè mọ ohun tó ń mú wọn le àti ohun tó ń mú wọn ṣẹ́. Òun náà ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi, òun ló rán mi níléèwé títí mo fi di onímọ̀ irin. Nílé, Dádì ni mò ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ni. Níbi méjèèjì, mi ò gbọdọ̀ já a lẹ́nu.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan lókè òkun ló fọwọ́ sówọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní ẹ̀rọ, àwọn á sì kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó, kí ìmọ̀ ẹ̀ lè di tiwa. Makirosikópù ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tó máa ń sọ ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ di gbàgede tí èèyàn lè wò láti igun dé igun. Kó tó dé, bí nǹkan bá ṣẹ́, a ó dì í, a ó fi ránṣẹ́ sókè òkun, a ó wá jókòó máa retí kí àwọn ẹlòmíì sọ ohun tó wà nínú irin tiwa fún wa. Oríkèé irin kan wà lórí tábìlì mi, èyí tí wọ́n máa ń fi sí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti rọ ọ́, abẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sì ṣẹ́ sí. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí ìdí ẹ̀.

Àdéhùn tó wà láàárín wa ò le rárá. Olùkọ́ kan bá ẹ̀rọ náà wá. Kó tó padà sílé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ dá lo ẹ̀rọ yìí níṣojú ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá rí i, á fọwọ́ síwèé, á sì fún wa ní nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí i. Bí kò bá rí i, á mú nọ́ńbà ẹ̀ padà lọ, àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni yóò sì máa darí ẹ̀rọ náà láti ibi tí wọ́n wà. Iṣẹ́ tiwa ò ní ju ká máa ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ.

Ẹ̀rọ dé, wọ́n gbé e sínú yàrá, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Inú ọ̀rá ló wà láti orí dé ẹsẹ̀. Dádì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má ṣí ọ̀rá náà. Mínísítà ló máa wá ṣí i." Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Nílé wa, ọ̀rá ò kúrò lára àga pálọ̀ títí àwọn àga náà fi gbó sínú ẹ̀. Nígbà ooru, bí èèyàn bá fẹ́ dìde, ó ní láti kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó lè já itan rẹ̀ gbà.

Mínísítà ní òun ń bọ̀, kò wá. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un. Olùkọ́ ò lè máa wò wá lójú lásán, ló bá gbé páálí tí wọ́n fi di ẹ̀rọ náà wá, ó ya gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ sí i lára, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ lórí páálí. "Ẹ jọ̀ọ́" nìkan ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tó gbọ́, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo nǹkan títí kan ilẹ̀kùn tó há, la bá sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́. Onímọ̀ amọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, bàbá tórí ẹ̀ ti funfun, á tẹ bọ́tìnnì páálí, á sì máa fẹnu ṣe "hùùù" bí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Lọ́jọ́ yẹn mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá lọ jókòó sílé ìyàgbẹ́, inú ń bí mi débi pé etí mi gbóná.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí obìnrin náà lọ, mo wọ ọ́fíìsì Dádì.

"Ọ̀gá, Fúráìdé ni wọ́n ń lọ o."

"Mínísítà ń bọ̀."

"Ohun tí wọ́n sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn, sà. Ẹ jẹ́ ká kàn tàn án, ká kọ́ ọ, ká pa á, ká dá ọ̀rá ẹ̀ padà."

Ó yọ awò ojú ẹ̀. "Kí ẹni ńlá wá ṣí ohun tí ẹ ti ṣí? Tòkunbọ̀ ló máa dà nígbà yẹn."

"Ẹ̀rọ ni, sà. Wọ́n ṣe é kí wọ́n lè lò ó ni."

"O ti sọ tẹnu ẹ. Ó dàbọ̀."

Mo ní "Ẹ ṣé, sà," mo jáde. Kí ni mò ń dúpẹ́ ẹ̀ gan-an? Títí dòní mi ò mọ̀.

Ìyàwó ẹ̀ ni mo lọ rò ó fún nílé. Mọ́mì ń ká aṣọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan fún wọn nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án ló kú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀. Baba Ó-Bàjẹ́ ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá wọlé síbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á ní kí wọ́n gbé rédíò kúrò nílẹ̀." Àánú ẹ̀ ṣe mí títí tí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Mínísítà ò wá, aṣojú ló rán. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àjọṣe wa pẹ̀lú òkè òkun, wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́, oorun fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Aṣojú gé ríbọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì padà sínú tíréè, gbogbo wa rọ́ wọnú yàrá, ẹni tó gbé tíréè náà bá wa wọlé. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, tòun tọ̀rá ẹ̀.

Aṣojú ní, "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Dáadáa, sà," Dádì dáhùn. "Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ti mọ̀ ọ́n lò." Ó na ìwé sí Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́. "Ẹ bá wa fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Ẹrù obìnrin náà ti wà nínú mọ́tò. Kò gba bíírò. Èmi ló kọjú sí, ó sì rọra bi mí lédè tiẹ̀ bóyá mo ti dá lo ẹ̀rọ náà rí.

Dádì wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Bí àlejò bá na nǹkan sí mi nígbà tí mo kéré, ojú yẹn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò kí n tó mọ̀ bóyá kí n gbà á tàbí kí n ní mo ti yó. Ohun tó ń sọ lọ́jọ́ náà ni pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin yẹn á gbà mí gbọ́, ìwé á wọlé, nọ́ńbà á wọlé, ìmọ̀ nìkan ni yóò kù síta.

"Rárá, mà," mo fi èdè tiẹ̀ dáhùn. "Páálí nìkan ni mo ti ń tẹ̀."

Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Mo mú sísọ́ọ̀sì nínú tíréè, mo sì gé ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Onímọ̀ amọ̀, Ọlọ́run á fún un lẹ́mìí gígùn, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Aṣojú rò pé ara ètò ni, òun náà pàtẹ́wọ́, ayàwòrán sún mọ́ tòsí. Kí ni Dádì lè ṣe? Òun náà gbé ọwọ́ méjèèjì, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó pa ẹ̀fọn.

Mo yọ oríkèé tó ṣẹ́ nínú àpò mi, mo tì í bọ ẹ̀rọ, mo pa ẹnu ẹ̀ dé, mo tàn án, Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí sí i. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́, kò tiẹ̀ jọ "hùùù" onímọ̀ amọ̀ rárá. Mo ṣi bọ́tìnnì kan tẹ̀, mo dá a padà fúnra mi. Ìyá Ẹ-jọ̀ọ́ káwọ́ sẹ́yìn, kò ràn mí lọ́wọ́. Awakọ̀ ń fun fèrè níta. Nígbà tó yá, àwòrán yọ: ihò kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́ níbi tí irin náà ti ṣẹ́, ihò tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tí wọ́n ń da irin náà. Bí wọ́n ṣe dà á ni ò dáa. Ohun tó gbé èèyàn ṣubú láàárín ọ̀nà nìyẹn, òun ni mò ń wò yìí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Obìnrin náà gbé ìwé lé ẹ̀yìn mi, ó fọwọ́ sí i, ó fi nọ́ńbà náà sí mi lọ́wọ́, ó dì mọ́ mi, ó sáré lọ wọ mọ́tò.

"Ọmọ ta ni eléyìí?" aṣojú bèèrè.

"Ọmọ mi ni, sà," Dádì dáhùn. "Èmi ni mo ní kó gé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dádì dúró títí ẹni tó kẹ́yìn fi jáde, ó wá súnmọ́ mi. Kò tíì gbójú wo ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí mo ti tàn án.

"Bó bá bàjẹ́, ìwọ lo gé e," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí kò bá bàjẹ́, èmi ni mo rán ẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."